Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Òkú Kí A Tó Rí Ilẹ̀ Oko Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún márùn-ún. Mo ń bá a jẹun, mo ń bá a sùn. Mo parọ́ mọ́ òkú. Òkú náà ni ìyá ọkọ mi, obìnrin tí mi ò fojú rí rí láyé. Ẹni tí mo pa irọ́ náà fún ni bàbá ọkọ mi. Ó ṣì wà láàyè, ó sì ń súre fún mi ní àràárọ̀ nítorí irọ́ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún mi ni pé irọ́ náà so èso rere. Bí ó bá jẹ́ ibi ló bí, àṣírí ì bá ti tú, ǹ bá ti jẹyà mi kí n sì sinmi. Ṣùgbọ́n ire ló bí. Gbogbo àdúgbò wa ló ń jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yìn mí ni ara ń ta mí. Ní ọdún 1983 tí a wà yìí, ìyìn náà wá pọ̀ ju ohun tí mo lè gbé lọ.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí láàárín ìlú. Bàbá mi ń ránṣọ, èmi náà sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni ọkọ mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbé mi lọ sílé wọn, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dání. Mo rò pé ó kéré tán, oúnjẹ ò ní wọ́n mi, nítorí ìlú àgbẹ̀ ni mo ń lọ.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Kòkó ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó ní igi kòkó lọ súà kò ní ebè iṣu kan. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ láti lọ ra gààrí àti ẹ̀wà. Bí wọ́n bá ta kòkó tán, àjẹyó ni. Tó bá fi máa di ìgbà òjò, ọmọdé á máa retí kí ilẹ̀ tètè ṣú kí wọ́n lè fi oorun bo ebi mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi fi tèmi ríran. Ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé, "Tíṣà, ojú ń tì mí. Àwọn ará ilé wa ní Ọ̀wọ̀ ń bi mí pé ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni mo lọ fẹ́ ọkọ sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi náà pe àwọn ìyàwó wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe gbèrò oko náà, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú láyé mi tó o. Ọ̀pá igi la fi ń ya á sórí ilẹ̀. Adìyẹ á gba orí rẹ̀ kọjá, a ó tún un yà. Ibi iṣu rèé, ibi ẹ̀gẹ́ rèé, ibi tí ewúrẹ́ máa sùn rèé. A fi òfin lélẹ̀ pé a ò ní ra ohunkóhun tí ilẹ̀ bá lè fún wa. A tún fi lélẹ̀ pé ohun tó bá jáde nínú oko, ìyókù rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ á di oúnjẹ ewúrẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ á lọ sídìí àgbàdo. Pòròpórò àgbàdo la ó fi bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Ibi tí iṣu bá ti kúrò, ẹ̀wà la ó gbìn síbẹ̀ kí ilẹ̀ lè mí. A ó gbẹ́ adágún ẹja. A ó kọ́ abà fún irúgbìn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó.

Ọkùnrin kan ní kí a sin ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá sin ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa dáná fún wọn lóko. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi pẹ́pẹ́yẹ rọ́pò rẹ̀.

A ní èrò, a ní ọwọ́. Ilẹ̀ ni a ò ní. Oko irú èyí kò ṣeé dá síbi tí kò ti sí omi, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá odò tí kòkó ò tíì gbà. Ti bàbá ọkọ mi ni. Igbó ti bò ó, ewé ti jẹrà sórí ewé, ilẹ̀ náà dúdú bí ọṣẹ dúdú. Bàbá ti fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń débẹ̀.

Tíṣà kó àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbọ́ wọn tán, ó ní, "Ilẹ̀ yẹn ń sùn. Ẹ má jí i." Wọ́n tún lọ. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ìgbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, kò tilẹ̀ jáde sí wọn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ò pọ̀ mọ́ lábẹ́ igi ọsàn. Ẹnì kan ní òun máa lọ wá iṣẹ́ sí Èkó. Mo ń wo ohun rere kan tó ń kú kí a tó bí i.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Moyọ̀ là mí lójú. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ilé wa kò jìnnà síra. Òun àti ìyá ọkọ mi ni wọ́n jọ máa ń lọ sóko nígbà ayé rẹ̀. A jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bi í ní ohun tó wà nídìí ilẹ̀ yẹn.

Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi kú sí. Bàbá a máa yára rìn, ìyàwó rẹ̀ a máa ké láti ẹ̀yìn pé, "Dúró dè mí!" Nígbà tó pẹ́, ìyàwó fi sọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bí kò bá sí àlejò nítòsí, Dúródèmí ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ tó kú, Bàbá ru iṣu, ó ṣáájú lọ sílé. Obìnrin náà ní kó dúró kí òun pọn omi. Bàbá ní àwọn á pàdé nílé. Nígbà tó padà lọ wá a, ẹ̀bá odò ló bá a, ó ti kú.

Ìyá Moyọ̀ ní, "Kò dárí ji ara rẹ̀. Ìdí tí ilẹ̀ yẹn fi ń sùn nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní àánú lójú, ṣe ni yóò sunkún kó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èmi ò gbàgbé. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìtàn náà ni kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun tán, mo sì dìde láti lọ parọ́. Bàbá ń pọ́n àdá lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o jíire?"

"Mo jí, Bàbá. Mo lá àlá kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Obìnrin kan ló wá bá mi. Ó ní kí n jíṣẹ́ fún Dúródèmí. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Ó ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní inú òun ò bí sí i. Ó ní kó ṣí ọ̀nà odò sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rí jẹ."

"Inú rẹ̀ ò bí?"

"Ó ní inú òun ò bí rárá, Bàbá."

Ó gbójú sókè wò mí. "Aṣọ wo ló wọ̀?"

Mo ní, "Mi ò rí aṣọ. Ohùn nìkan ni mo gbọ́."

Bàbá sunkún. Mo ti rí àgbà tó sunkún níbi òkú. Èyí kò jọ ọ́. Ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó mú àdá nílẹ̀, ó lọ sí ẹ̀bá odò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já màrìwò náà kúrò.

Nígbà tí mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo rí àbúrò ọkọ mi obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó di ìgbálẹ̀ mú, kò gbálẹ̀. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìyá wọn kú. Mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà mi ò pe orúkọ rẹ̀, Ẹyinjú ni mo ń pè é. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí oko! Ìgbà tí a kọ́kọ́ ṣán igbó náà, àwọn ọkùnrin ń kọrin, àwọn obìnrin ń gbè é. Àwọn tó ti sá fún wa padà wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fi ibi tí omi ń gbà hàn wá nígbà òjò. Iṣu àkọ́kọ́ tí a wà, ọmọdé méjì ló gbé e. Nígbà tí ẹja gba inú adágún, àwọn ènìyàn ń wá wòran láti Ọ̀wọ̀, wọ́n ń bi wá pé ta ló gbé ẹja wá sórí ilẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ kò wọ mọ́tò lọ ra gààrí mọ́. Àwa là ń yan gààrí, tí a bá jẹ tó, tí irúgbìn sì pé nínú abà, ará Ọ̀wọ̀ á wá rà lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin tó ní òun ń lọ sí Èkó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewúrẹ́.

Orúkọ mi wá di ńlá. "Aláàlá" ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ènìyàn ń wá bá mi ní ibi tí mo ti ń ránṣọ. Èyí ní kí n bá òun bi bàbá òun tó kú ibi tó ri nǹkan mọ́. Tọ̀hún ní kí n bá òun wo ẹni tí òun máa fẹ́. Mo ń sọ fún wọn pé òkú kì í gba ìpè. Màá máa wa ẹ̀rọ mi lọ, òógùn á máa bọ́ lábíyá mi. Ìyá Moyọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó lè fura sí mi, kú kí ọdún tí mo pa irọ́ náà tó parí. Mo sin ín, mo sunkún, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé èyí gan-an burú ju irọ́ náà lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí ló wá dán oko wa wò. Ẹ̀yin náà rí i. Òjò lọ, kò dé mọ́. Ọyẹ́ gbẹ ewé títí ó fi ń dún bí ìwé. Iná sọ sínú igbó, ó ń jó oko kòkó káàkiri, a ń rí èéfín rẹ̀ ní gbogbo apá.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sán gangan. A gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó rí i. Gbogbo ìlú ló tú jáde, àtọmọdé àtàgbà, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn yí oko ká tutù, ilẹ̀ tí a ro mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ohun tí iná máa jẹ. A tò láti odò dé ààlà, a ń na omi síra wa nínú garawa, nínú ìkòkò, nínú igbá. Mo rí Ẹyinjú tó ri ìró ara rẹ̀ bọ omi, ó ń fi í lu iná bí ẹni ń lu ejò. Iná náà lá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó wá ọ̀nà sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí ó yá, ó kú níbẹ̀. Ariwo tí a ké lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní ààfin Ọlọ́wọ̀!

Odò náà kò gbẹ. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n káàkiri, a jẹ, a sì fún ẹlòmíràn jẹ. Àwọn ènìyàn wá láti Ìdóàní. Àwọn ará Arímógìjà wá gba igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn, wọ́n ní kí a wá fi bí a ṣe gbèrò tiwa han àwọn. Tíṣà tún mú ọ̀pá igi, ó ya oko sórí ilẹ̀ níwájú wọn. Mo wò ó, inú mi kún.

Nígbà tí a wa iṣu tuntun, a pàdé nínú oko. Bàbá dìde. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó sọ àlá mi fún gbogbo ènìyàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ìyàwó mi kò bínú sí mi. Òun ló bọ́ yín lọ́dún yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi.

Mo rí Ẹyinjú tó kúrò láàárín wọn. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́ ni mo bá a, ó ń sunkún, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ó ní, "Ìyàwó, mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe fún ìyá mi? Èmi ni ó bí gbẹ̀yìn. Ìró rẹ̀ ni mo fi ń ṣe ìrọ̀rí láti kékeré kí n lè rí i lójú oorun. Ó wọ inú ilé wa, ó fo ẹnu ọ̀nà mi dá, ó lọ bá ìyàwó tí kò mọ̀ ọ́n rí. Tó bá tún wá, jọ̀ọ́, bá mi bi í."

Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ tí mo rò pé ó bọ́ gbogbo ayé, ebi ló fi ń pa ọmọ yìí láti ọdún márùn-ún wá. Mi ò lè gbé e mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ewúrẹ́.

Mo ní, "Ẹyinjú, ẹ jọ̀ọ́. Kò wá. Mi ò lá àlá kankan. Ìyá Moyọ̀ ló sọ orúkọ yẹn fún mi."

Ó ní, "Kò wá rárá?"

"Kò wá."

"Kò wá bá ọ, kò wá bá ẹnikẹ́ni?"

"Kò wá bá ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mo tilẹ̀ gbé ojú mi sókè fún un. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà náà, kò fò mí dá! Ìyá mi ò fò mí dá!" Ó wí i títí ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó gbé ìró ìyá rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ mi. Ó ní, "Ìyàwó, bá mi rán an ní bùbá. Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́." Mi ò tíì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ rán aṣọ kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí oko, ó sì yẹ ẹ́.

Ó wá ku Bàbá. Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó bínú sí mi gidigidi, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ fún bàbá òun. Ó ní bí mo bá mú àlá náà kúrò, ìdáríjì ni mo mú kúrò lọ́wọ́ arúgbó, kò sì sí ẹni tó lè fún un ní òmíràn. Ẹyinjú ní rárá. Ó ní Bàbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ òkú tó, ó yẹ kó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló já màrìwò.

Bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ oko náà, n kò ní parọ́ mọ́: mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí mo ń wo ọmọ àwọn ènìyàn tó ń jẹ iṣu sísun, orí mi ń wú. Èmi ló yẹ kí n tún lọ bẹ Bàbá títí yóò fi yọ́nú, kì í ṣe kí n yá ohùn ìyàwó rẹ̀ lò. Ìyá tí mi ò rí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọkọ tàbí aya, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún yín pé olólùfẹ́ yín kò bínú, tí ọkàn yín sì balẹ̀, tí ẹ jí, tí ẹ dáko, tí ẹ sì bọ́ ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ óò fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe òun ló sọ ọ́?